Báwo ni a ṣe ń dá yúnyun mọ̀ yàtọ̀ sí jogbo?

Ọlọ́sìn Iléṣà:
Mo kí gbogbo ilé o. Ehoro ni mo ń sìn, yúnyun ni mo sì máa ń já fún wọn jù lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ní báyìí tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ti gba etí ọ̀nà náà kanlẹ̀, jogbo sì ti wọ inú yúnyun débi pé ọmọ tí mo ń rán ń já méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ ohun tó korò tó jogbo nínú oúnjẹ ehoro. Wọ́n ní ewé jogbo máa ń pín bí ọmọ ìka ọwọ́, ṣùgbọ́n mo rí èyí tí kò pín rárá. Kí ni kí n máa wò?

Ewéńjẹ́ Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ lẹ sọ. Jogbo, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tithonia diversifolia, a máa ní ewé tó pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún, a sì tún máa ní èyí tí kò pín lórí igi kan náà, pàápàá nítòsí òdòdó. Nítorí náà, bí ewé ṣe jókòó sára igi ni kí ẹ wò. Ewé yúnyun, ìyẹn Aspilia africana, máa ń kojú ara wọn ní méjì méjì, ọrùn wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, ojú wọn sì ń ha ọwọ́. Ti jogbo ń hù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gba ọ̀tún gba òsì, lórí ọrùn gígùn. Bí òdòdó bá wà, ẹ yí i dojú dé: ọrùn tó gbé òdòdó jogbo dúró a wú lókè, bí ẹ bá sì dá a, ihò ni ẹ ó bá nínú rẹ̀. Ti yúnyun tín-ín-rín títí dókè.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ àárín igi ni kí ẹ ti wo ewé, nítorí ti ìsàlẹ̀ jogbo a máa kojú ara wọn nígbà mìíràn. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé gíga. Jogbo tí a bá fi sílẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fi àdá gé lẹ́bàá ọ̀nà, tó tún rúwé, kì í ga ju yúnyun lọ. Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ó wá ń ṣe bí onílẹ̀ mọ́ yúnyun tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà.

Ọlọ́sìn Iléṣà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Nígbà ọyẹ́ tí òdòdó bá ti gbẹ ńkọ́?

Ewéńjẹ́ Ifẹ̀:
Orí òdòdó jogbo kì í tètè já bọ́ bó bá gbẹ. Ó máa ń le, ó tóbi ju ti yúnyun lọ dáadáa, ó sì ń gún ọwọ́. Bí ewé bá ṣì kù lára igi, ìjókòó ewé náà ni kí ọmọ yín kọ́kọ́ wò.