Fáńtásì footy: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí nídìí owó àwọn agbábọ́ọ̀lù

Ìyá Ìbejì, Footscray

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìmúra sáà tuntun o. Tó bá ti ku díẹ̀ kí footy, bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia níbí, bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn àbúrò mi níbi iṣẹ́ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi tíìmù fáńtásì wọn, ìyẹn àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi tí wọ́n fi owó eré rà kí wọ́n lè máa gba póìǹtì, ránṣẹ́ sí mi pé Àǹtí ẹ bá wa wò ó, gbogbo wọn ló sì máa ń béèrè pé ta ni owó ẹ̀ wálẹ̀ tí àwọn lè tètè rà. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun témi gbà gbọ́ ni pé ìròyìn àná ni owó agbábọ́ọ̀lù ń sọ, ibi tí kóòṣì bá fi í sí nínú pápá ló máa sọ tọ̀la. Ẹ jẹ́ kí kálukú wá sọ ìrírí tiẹ̀, èmi ni máa kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà tó jẹ́ FPL, fáńtásì líìgì England, lẹ mọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbàgbé bí owó ṣe ń yí níbẹ̀. Ní FPL, táwọn èèyàn bá ń ra ẹnì kan, owó ẹ̀ á lọ sókè, tí wọ́n bá ń tà á, á wálẹ̀. Ti footy ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí gbogbo ìlú Melbourne ra ẹnì kan mọ́jú, owó ẹ̀ ò ní sún kúrò níbi tó wà. Póìǹtì tó bá gbà lórí pápá nìkan ló ń gbé e sókè tàbí tó ń fà á wálẹ̀. Nínú SuperCoach, ọ̀kan lára àwọn fáńtásì footy, ẹni náà gbọ́dọ̀ gbá ẹ̀ẹ̀mẹta kí owó ẹ̀ tó yí rárá, látìgbà yẹn lọ, mẹ́ta tó gbá kẹ́yìn ni wọ́n á máa wò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sáà pẹ̀lú owó ẹni tó máa ń gba 80, ó wá gba 150 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gba 70 lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gba 70. Tí ẹ bá pín in sí mẹ́ta ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 97, owó ẹ̀ á gbéra, gbogbo èèyàn á máa sá tọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin ó tún gba 70, 150 yẹn ti bọ́ kúrò nínú mẹ́ta tí wọ́n ń kà, gbogbo ẹ̀ wá di 70, owó ẹ̀ á sì já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì rèé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ò yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó rà á nítorí pé owó ẹ̀ ń gòkè ti ra 150 tó ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi Brodie Grundy ṣàlàyé, torí ojú mi ló ṣe. Nígbà tó wà ní Collingwood lọ́dún 2018 àti 2019, òun àti Max Gawn ló ń jọba láàárín àwọn ruck, àwọn géńdé tó ń fò sókè du bọ́ọ̀lù nígbà tí umpire bá jù ú sókè. Lọ́dún 2023 Grundy kó lọ sí ẹgbẹ́ Melbourne, ilé Gawn gan-an. Àwọn àgbà ti ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Mo wà ní MCG, pápá ńlá tó wà ní Melbourne, lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ gbá, mi ò tiẹ̀ wo pátákó póìǹtì. Tí wọ́n bá ti gbá góòlù, tí umpire ń gbé bọ́ọ̀lù padà sáàárín, ẹni tó ń rìn bọ̀ sínú òbìrí àárín yẹn ni mò ń wò. Gawn ni. Grundy á yí padà, á máa sáré jẹ́jẹ́ lọ síwájú níbi góòlù, á lọ fara ti adènà kan, ó sì lè pẹ́ gan-an kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ńlá ló ṣì ní o.

Nígbà tí orúnkún Gawn ṣèṣe lọ́sẹ̀ kejì níbi tí wọ́n ti ń bá Brisbane gbá, Grundy nìkan ló kù, póìǹtì ẹ̀ gbéra lójú ẹsẹ̀. Gawn padà dé, ti Grundy tún wálẹ̀, títí wọ́n fi dá a padà sí VFL, líìgì kékeré tó wà lábẹ́ ti àgbà. Ọkùnrin yìí ò gbàgbé bọ́ọ̀lù, ipò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún 2024 ó kó lọ sí Sydney níbi tí wọ́n ti fún un ní ruck pátápátá, àmọ́ owó tí wọ́n fi lé e lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ti wàhálà 2023 ni. Ọjọ́ tí mo rí i pé ó ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Sydney ni mo ti fi í sínú tíìmù mi, mi ò yọ ọ́ rárá. Nǹkan tí mo ń sọ náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Perth

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ti sọ ọ́ débi tó yẹ. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tuntun, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní cash cow, tí wọ́n ní ká rà wọ́n pọ́ọ́kú kí wọ́n sanra ká tà wọ́n.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n fi mú ọmọ tuntun nínú draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń pinnu owó ẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ṣáájú ló máa ń wọ́n jù. Harry Sheezel, nọ́ńbà kẹta ni North Melbourne fi mú un nínú draft 2022, nítorí náà owó ẹ̀ ju tàwọn tó kù lọ dáadáa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú líìgì ibi iṣẹ́ ní kí n má rà á, pé kí n fi owó yẹn ra ọmọ méjì tó pọ́ọ́kú. West Coast ni tíìmù ilé wa, àwọn náà sì ni North kọ́kọ́ bá gbá lọ́dún 2023, èmi àtọmọ mi ọkùnrin jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú jẹ́ẹ̀sì Eagles wa lọ́rùn. Iwájú ni wọ́n kọ nínú fáńtásì pé ó ti ń gbá, àmọ́ ẹ̀yìn la rí i tó dúró sí. Tí bọ́ọ̀lù bá ti wá sọ́dọ̀ àwọn North lẹ́yìn, ẹni tó mú un á gbójú sókè wá a, òun náà á ti sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á fẹ̀ṣẹ́ gbá a sí i, á gbá a lọ síwájú. Báyìí báyìí. Ìgbà 34 ni bọ́ọ̀lù tọwọ́ tẹsẹ̀ ẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù líìgì láyé ẹ̀! North nà wá, ó dùn wá, ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́, àmọ́ tíìmù fáńtásì ilé wa dùn.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Nígbà tó di àárín sáà, gbogbo èèyàn ní owó Sheezel ti ga dé góńgó, kí n tà á, torí ọmọ tuntun ni, títà ni wọ́n ń tà wọ́n. Mi ò gbà. Ọmọ tó ń gba póìǹtì bíi ti àgbà, àgbà ni. Tí mo bá tà á, ta ni mo fẹ́ rà tó máa gbà jù ú lọ? Ó bá mi dé ìparí, òun náà ló sì gba Rising Star, àmì ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́, ọdún yẹn. Ẹ máa ta ọmọ tuntun o, àmọ́ ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ ń tà.

Sísí Geelong

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi kúkúrú ni. AFL Fantasy, fáńtásì ti líìgì footy fúnra ẹ̀, lèmi ń ṣe, mi ò ṣe SuperCoach, ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ka póìǹtì níbẹ̀ rọrùn: tó bá fẹsẹ̀ gbá a 3, tó bá fẹ̀ṣẹ́ gbá a 2, tó bá mú bọ́ọ̀lù lófuurufú 3, tó bá di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú 4, góòlù 6, tó bá ṣẹ̀ tí umpire sì fun fèrè, wọ́n á yọ 3. Àwọn adènà tó ń gbá a síra wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn, mú un lófuurufú, gbá a, 6 nìyẹn, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ibi tí mò ń gbé yìí, òjò àti atẹ́gùn oṣù keje kì í ṣe eré. Bí bọ́ọ̀lù bá ti tutù, kò sẹ́ni tó ń rí i mú dáadáa, póìǹtì àwọn adènà yẹn á wálẹ̀, àwọn tó ń jà nílẹ̀ láàárín pápá ló máa ń jẹun lọ́jọ́ yẹn torí dídì mú pọ̀. Mo ti wá rí i pé táwọn èèyàn bá rí adènà tó gba póìǹtì kékeré lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ ti lọ, wọ́n á tà á. Fọ́ọ̀mù kọ́ ni! Òjò ni. Ẹ wo ibi tó ti fẹ́ gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó bá jẹ́ pápá Marvel tó ní òrùlé, ìgbà yẹn gan-an ni owó ẹ̀ wálẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ rà á.

Bàbá Dandenong

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí 2020. Covid dá footy dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà ni wọ́n tó padà sórí pápá. Wọ́n dín àkókò kù, ìṣẹ́jú 16 ni kọ̀tà kan nínú mẹ́rin, AFL Fantasy sì wá ń fi 1.25 ṣe ìsọdipúpọ̀ póìǹtì kálukú kí iye owó má baà dàrú. Gbogbo wa wà nílé. Kò síbi à ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, nǹkan tó kù tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù kò ju fáńtásì yìí lọ.

Matt Rowell, ọmọ tí Gold Coast mú ṣìkíní nínú draft 2019, ló kó gbogbo wa láyà jẹ lásìkò yẹn. Bí wọ́n ṣe padà dé, ìdíje mẹ́ta léraléra làwọn umpire fún un ní ìbò mẹ́ta mẹ́ta ti Brownlow, àmì ẹ̀yẹ tí àwọn umpire fi ń dìbò yan agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ lọ́dún. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níléèwé o! Á wọ àárín àwọn ọkùnrin bàǹtàbanta, á gbé bọ́ọ̀lù jáde láàárín wọn, ìwọ náà á dìde lórí àga. Owó ẹ̀ ń sáré lọ sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ṣe wá bá Geelong gbá ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èjìká ẹ̀ yẹ̀. Sáà parí fún un nìyẹn. Ó dùn mí bí ẹni pé ọmọ mi ni, kì í ṣe nítorí fáńtásì.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ rèé: owó ẹni tí kò gbá kì í yí. Ẹni tó farapa á dúró sórí iye tó wà títí tó fi máa padà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tà á lóru ọjọ́ yẹn bíi pé owó ẹ̀ máa já wálẹ̀ lọ́la, mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi fi orúkọ àwọn tíìmù síta, mo wá fi owó tó ti pa fún mi ra ọ̀kan nínú àwọn àgbà. Nígbà tí ọmọ yẹn wá gba Brownlow lọ́dún 2025, inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo àwọn tá a jọ wo 2020 yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Adelaide

Ẹ kú àárọ̀ Bàbá, ẹ kú àárọ̀ Àǹtí, mo kí gbogbo ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kankan ò tíì dárúkọ Nick Daicos! Oṣù kẹjọ 2023, Collingwood àti Hawthorn. Òun ni balógun mi, póìǹtì balógun sì máa ń di ìlọ́po méjì. Gbogbo sáà yẹn ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń lá àlá, ọ̀kan lára àwọn tó wọ́n jù ni. Hawthorn wá rán Finn Maginness sí i. Gbogbo ibi tó bá yà sí, ọkùnrin yìí wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ wá bọ́ọ̀lù, ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù márùn-ún péré ni Daicos gbá jáde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Orúnkún ẹ̀ tún ṣèṣe lọ́jọ́ yẹn kan náà. Mi ò jẹun alẹ́.

Ìbéèrè mi wá nìyí Àǹtí: tí wọ́n bá lẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀ báyẹn tí kò sì farapa, tí póìǹtì kékeré yẹn wọ inú mẹ́ta tí wọ́n ń kà, ṣé kí n tà á àbí kí n dúró? Break-even ẹ̀ á ti ga kọjá ohun téèyàn lè gbà.

Ìyá Ìbejì, Footscray

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, ọjọ́ yẹn dun gbogbo wa. Dúró. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, break-even ni póìǹtì tí ẹni náà gbọ́dọ̀ gbà kí owó ẹ̀ má lọ sókè má wálẹ̀, ọmọ tuntun tó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tiẹ̀ lè ní èyí tó wà lábẹ́ òdo. Tí ti àgbà bá ga gan-an lẹ́yìn ọjọ́ burúkú kan, owó ẹ̀ máa wálẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí kò jáde lápò ẹ ò sọnù, ìgbà tóo bá tà á ló tó di àdánù. Ẹni tí kò tíì ní in ló yẹ kó máa fojú sọ́nà, kó jẹ́ kó wálẹ̀ tán, kó wá rà á ní ọ̀sẹ̀ tí póìǹtì kékeré yẹn bá ti fẹ́ jáde. Àwọn ọmọ tuntun ni kóo máa fi break-even dá lẹ́jọ́: tó bá ti ju ohun tí wọ́n máa ń gbà lọ, gbé wọn kúrò. Àmọ́ trade, ìyẹn pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, kò pọ̀ lọ́sẹ̀ kan nínú AFL Fantasy, má fi ìkankan ṣòfò ní Monday, dúró di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí orúkọ àwọn tíìmù bá jáde. Ẹ̀gbọ́n Perth, mo gba tiyín lórí Sheezel pátápátá. Ta ló tún kù tó ní ìrírí nídìí àwọn ọ̀sẹ̀ bye, tí àwọn tíìmù kan kì í gbá? Ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòro jù fún mi láti tò, mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é.