Kòkòrò abẹ́ èèpo igi kòkó yìí, kí ni?

ỌmọIfẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ kòkòrò, mo ṣí èèpo igi kòkó tó ti kú lóko wa n'Ífẹ̀, mo rí nǹkan gígùn pẹlẹbẹ kan, orí ẹ̀ dúdú ó ń dán, Google ní ọmọ snakefly (kòkòrò abìyẹ́ kan tí ọrùn ẹ̀ gùn) ni, ṣóòótọ́ ni?

Àgbẹ̀Tuntun: Rárá o, snakefly ò sí ní Nàìjíríà, ọmọ ẹ̀ nílò òtútù kó tó lè dàgbà. Ẹsẹ̀ mélòó ló ní? Ṣé ó ń sá padà sẹ́yìn?

ỌmọIfẹ̀: Mẹ́fà, lẹ́bàá orí. Iwájú nìkan ló ń lọ, jẹ́jẹ́.

ÌyáOlóko: Ìdin ọ̀bọ̀ǹbọ̀n nìyẹn jàre. Ti snakefly máa ń sáré sẹ́yìn dáadáa. Ìbátan snakefly tá a ní níbí ni kúlúsọ inú iyanrìn.