Ta ló ti dé etí adágún Michigan, níbi tí ọkọ̀ Lady Elgin ti rì?

Àdùkẹ́ Milwaukee
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ní àdúgbò Third Ward ní Milwaukee níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àmì ìrántí kan wà fún Lady Elgin, ọkọ̀ stíìmà elérò tó rì sínú adágún Michigan lóru mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1860, nígbà tó ń gbé èrò bọ̀ láti Chicago. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló kú, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Ireland tí ilé wọn wà ní àdúgbò yìí gan-an. Ta ló ti dé etí omi ibẹ̀ nínú yín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Akínlabí
Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n. Mo lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Evanston, ìlú kan létí adágún náà nítòsí Chicago, nígbà ooru kan, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ le, níbi tí omi kò ju àyà mi lọ. Ìgbì kan gbá mi lulẹ̀, kí n tó dìde òmíràn ti dé, omi ìsàlẹ̀ sì ń wọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ sí ibú títí àwọn ọkùnrin méjì fi fà mí jáde. Ìdí nìyí tí ìtàn Lady Elgin fi ń dùn mí wọra, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀. Òrùlé ọkọ̀ náà já, àwọn ènìyàn rọ̀ mọ́ ọn títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ń wo èbúté lọ́ọ̀ọ́kán, kí ìgbì etí omi tó fọ́ ọ mọ́ wọn lábẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ti Garrett, Edward Spencer, so okùn mọ́ ìbàdí, ó sì ń wọ inú ìgbì náà léraléra títí ó fi gba ènìyàn 17 là. Nígbà tó dùbúlẹ̀ tí agbára rẹ̀ ti tán, ohun tó ń béèrè ni bóyá òun ti sa gbogbo ipá òun.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Adágún ni ẹ pè é, ẹ sì ń ròyìn ìgbì bí ẹni pé òkun ni.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Ẹ̀pẹ́, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 kìlómítà, ó sì jìn ju 280 mítà lọ níbi tó jìn jù lọ. Ẹ bi Akínlabí.

Bàbá Atukọ̀
Ohun tí n kò lè gbà ni ìwà Darius Malott, ọ̀gá ọkọ̀ onígbòkun Augusta. Igi gẹdú kún ọkọ̀ rẹ̀, ó kọlu Lady Elgin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó sì kọrí sí Chicago tirẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lójú omi. Bí o bá kan ọkọ̀ ẹlòmíràn lóru, ńṣe ni o máa dúró tì í títí tí ìwọ yóò fi mọ bí ó ṣe rí.

Akínlabí
Bàbá, ó gbà pé ọkọ̀ tirẹ̀ ló wà nínú ewu, nítorí pé Lady Elgin tóbi jù ú lọ, kò sì rò pé ó ṣèṣe púpọ̀. Ìjì náà le lóru yẹn.

Bàbá Atukọ̀
Wọ́n ti rí iná Lady Elgin tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kọlù ú, wọn kò sì yà fún un lásìkò. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Ọ̀rọ̀ iná yìí ti wá yé mi. Lórí ọ̀sà níhìn-ín, ọkọ̀ oníyanrìn kan tí kò tan iná kankan yọ sí wa lóru, igbe obìnrin kan tó jókòó níwájú ni atukọ̀ wa gbọ́ tó fi yà fún un. Ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Àdùkẹ́ Milwaukee
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, àbúrò. Ní ọdún 1864 ni wọ́n tó sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ onígbòkun máa tan iná. Ọdún yẹn náà ni Malott fúnra rẹ̀ bá omi lọ lórí adágún kan náà.

Ṣadé
Ẹ má fo ohun tó gbé wọn lọ sí Chicago. Gómìnà Randall ti Wisconsin ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ Union Guards, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ọmọ Ireland ní Milwaukee, nítorí pé ọ̀gá wọn, Garrett Barry, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni òun yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú àríyànjiyàn lórí òfin tó ní kí wọ́n máa mú ẹrú tó sá padà fún olówó rẹ̀. Owó ohun ìjà mìíràn ni wọ́n ń wá. Ó nira fún mi láti ṣọ̀fọ̀ Barry.

Ìyá Ìbejì
Ṣadé, mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ẹrú kò sì kéré lójú mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó gbé ọmọ dání nínú ọkọ̀ náà ńkọ́? Ijó ni ọ̀pọ̀ èrò ń jó nígbà tí ọkọ̀ kejì fi dé.

Ṣadé
Àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń sunkún fún, Mà. N kò fẹ́ kí a sọ ìtàn náà láìsọ ti òfin yẹn ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Ṣé kò sí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n lè fi sá là?

Bàbá Atukọ̀
Ó wà, ṣùgbọ́n kò tó. Wọ́n kọ́kọ́ da màlúù àti ẹrù sómi kí ihò náà lè gòkè kúrò nínú omi. Wọ́n sọ ọkọ̀ kékeré kan kalẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dí ihò náà láti ìta, ṣùgbọ́n ìgbì gbé wọn lọ, wọn kò sì lè padà sọ́dọ̀ àwọn èrò mọ́.