Bolex H16: ṣé kí n rà á láyé dìgítà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́, mo rí kámẹ́rà sinimá Bolex àlòkù kan tó ń lo fíìmù 16mm, ó wù mí gan-an, ṣé ó ṣì bọ́gbọ́n mu?

Èsì: Rà á jàre! Kò nílò bátìrì, ọwọ́ lo máa fi wáyìn sípíríǹgì inú ẹ̀, tó bá ti le dáadáa á ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 28 kó o tó tún wáyìn, ìyẹn gan-an á kọ́ ẹ láti ronú kó o tó yàwòrán.

Èsì: Owó ńkọ́? Fíìmù ẹsẹ̀ bàtà 100 ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 24fps (àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), Kodak ṣì ń ṣe é lóòótọ́, àmọ́ owó láàbù tó máa fọ fíìmù àti owó síkáànì tó máa sọ ọ́ di dìgítà ṣì ń bọ̀ o.

Èsì: Ṣáà yẹ inú gate ẹ̀ (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kan fíìmù) wò dáadáa kó o tó sanwó, irun tín-ín-rín tó bá há síbẹ̀ á hàn gàdàgbà lójú àwòrán.