Erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dọlápọ̀: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fọyín tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ọṣẹ ìfọyín mẹ́ta ni mo ti pààrọ̀, owó ṣòfò. Ọkọ mi ti ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń dùn mí wọra. Mo ti fi apá ọ̀tún sílẹ̀ láìfọ̀, kó lè jiná. Aládùúgbò mi ní tí wọ́n bá bá mi họ eyín, ìyẹn kí wọ́n ha ìdọ̀tí líle kúrò lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa mì.

Olùtọ́jú Eyín: Mà, ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an lẹ ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ẹ fi èékánná ha ìdí eyín yẹn: nǹkan funfun rírọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kòkòrò àìfojúrí ló kún inú ẹ̀. Ara ń rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá wọn jà, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì fẹ̀ kí wọ́n lè rọ́nà kọjá. Ìdí nìyẹn tí erìgì fi pọ́n tó sì wú, tó fi ń tètè ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1965, olùwádìí kan nípa erìgì tó ń jẹ́ Löe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí èèyàn 12 má fọyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n padà sídìí fífọ̀, ó sì lọ.

Bàbá Olórín: Orín àtà ni kẹ́ ẹ máa run!

Nọ́ọ̀sì Yẹmisí: Orín dára sà, àmọ́ kì í dé àárín eyín méjì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mà, kẹ́ ẹ dẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó kọjú sí ìdí erìgì, ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kẹ́ ẹ fi òwú eyín gba àárín wọn lálẹ́. Eyín tó bá mì lẹ́yìn híhọ, egungun ìdí ẹ̀ ló ti jẹ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Dọlápọ̀: Ẹ má bá mi wí bí ọ̀dọ́bìnrin o. Àràárọ̀ ni mo ń fọyín! Mo máa ń tọ́jú ara mi, kódà mi ò fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà mi ṣeré, àfi láti oṣù mẹ́rin tí owó ò ti sí yìí.

Olùtọ́jú Eyín: Hàà! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, mà. Tí ṣúgà bá ga, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kì í pa kòkòrò náà dáadáa, síbẹ̀ wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Oje tí wọ́n ń tú jáde á máa jẹ ẹran erìgì, á sì máa ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun sókè. Wíwú yẹn náà kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wálẹ̀. Lọ́la, kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ yẹ ṣúgà wò, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti dá oògùn dúró. Ẹ sọ fún ẹni tó máa họ eyín náà, kó wọn àlàfo tó wà láàárín eyín àti erìgì: 1 sí 3 mm dáa, 4 mm sókè, ó ti ń jìn.

Bàbá Olórín: Omi iyọ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Yẹmisí: Ó ń tu ẹnu lára, kì í ṣí ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta.

Ìyá Dọlápọ̀: Eyín iwájú kan nísàlẹ̀ ti ń mì díẹ̀. Ṣé wọ́n máa yọ ọ́ ni?

Olùtọ́jú Eyín: Kò pọn dandan. Fọ́tò X-ray eyín ló máa fi iye egungun tó kù hàn. Ẹ má fi ahọ́n tì í, kẹ́ ẹ sì fọ apá ọ̀tún yẹn lálẹ́ òní.