Bàbá lé ọmọ ọdún 17 síta, káńsù ní kó padà sílé. Kí la máa ṣe báyìí?

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ọmọ kan wà lórí sófà mi láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun àti ọmọ mi àgbà jọ wà ní sixth form kan náà, ilé ìwé tí wọ́n ń lọ ṣáájú yunifásítì. Ọmọ ọdún 17 ni, ìparí February ló máa pé 18. Òun àti bàbá ẹ̀ jà, bàbá kó aṣọ ẹ̀ sínú báàgì dúdú tí wọ́n fi ń da ìdọ̀tí nù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ti fi òru méjì wà nínú bọ́ọ̀sì alẹ́, torí ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì pẹ̀lú káàdì Zip tí àwọn ọmọdé ń lò, ó ní inú ẹ̀ móoru, kò sì sẹ́ni tó ń bi èèyàn ní nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn ni omi ń lé sí mi lójú.

Mo mú un lọ sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀dọ̀ àwọn housing, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ni wọ́n ní ká lọ, wọ́n bi í ní ìbéèrè bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní kó padà lọ bẹ bàbá ẹ̀, tó bá pé 18 kó wá gba fọ́ọ̀mù. Yàrá méjì ni ilé mi, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta la wà níbẹ̀, mi ò lè lé e, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ gbà á pẹ́. Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé ìwé ìgbélùú ìyá ẹ̀ ò tíì jáde ní Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni níwèé yẹn, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé torí à ń wá ibi tí ọmọ máa sùn la ṣe máa kó bá ìyá. Ta ló mọ ọ̀nà?

BàbáÀgbà_Ọ̀yọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ àánú o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti pe bàbá ọmọ náà? Ọmọ ọlọ́mọ lẹ gbà sílé, bàbá lè ní ẹ̀yin lẹ jí i lọ. Àwa ní tiwa, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, ẹ wá pásítọ̀ wọn tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá, kí wọ́n pe ìpàdé. Ọmọ tí sóṣíà, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń tọ́jú ọmọdé, bá ti mú, ìgbà wo ló máa padà sílé? Mo ti rí i rí, ìdílé yẹn ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

ỌmọÈkó_Hóstẹ̀lì:
Àǹtí, ẹ ṣé gan-an tí ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní hóstẹ̀lì àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò nílé, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ fún yín yẹn ò bófin mu. Ní May 2009, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù níbí nígbà yẹn, dá ẹjọ́ kan tí gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ sórí. Ọmọ ọdún 17 kan tí ìyá ẹ̀ lé jáde ló pe káńsù Southwark lẹ́jọ́. Káńsù ń sọ pé ilé lásán ló ń wá, kó lọ bá àwọn housing. Àwọn adájọ́ ní rárá o, ọmọdé tí kò ríbi sùn ni, lábẹ́ section 20 nínú òfin ọmọdé, Children Act 1989, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọmọdé ló gbọ́dọ̀ gbà á. Gbogbo káńsù tó wà ní England ni ìdájọ́ yẹn dè.

Nítorí náà ẹ padà lọ lọ́la, ẹ má dúró lọ́dọ̀ housing, ẹ ní Children's Services lẹ wá bá, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọmọ yìí lábẹ́ section 20. Ẹ sọ nọ́ńbà yẹn jáde lẹ́nu. Tó bá ti kọjá aago márùn-ún, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n ń pè ní emergency duty team, ẹ pè wọ́n.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ wa. Wọ́n lè fún un ní yàrá lábẹ́ section 17, apá òfin yẹn tó jẹ́ ti ìrànlọ́wọ́ lásán láìgba ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú káńsù, ẹ ó dúpẹ́, ẹ ó lọ sílé, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá pé 18 ó lè parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ section 20 tó sì lo ọ̀sẹ̀ 13 kó tó pé 18, ó ti di care leaver, ẹni tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, ó máa ní personal adviser, agbaninímọ̀ràn tiẹ̀, tó lè wà pẹ̀lú ẹ̀ dé ọdún 25, tó bá wọ yunifásítì wọ́n máa fún un ní £2,000, tí kò bá sì nílé, priority need ni, ìyẹn àwọn tí ọ̀rọ̀ ilé wọn ṣáájú, títí ó fi máa pé 21. October la wà yìí, February ò jìnnà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ń dá yín padà ń jẹ nínú 13 yẹn. Ẹ má jẹ́ kó buwọ́ lu ìwé kankan tó ní òun ò fẹ́ kí sóṣíà tọ́jú òun, kí ẹnì kan tó là á yé e.

Ọ̀rọ̀ ìyá: ìrànlọ́wọ́ tí sóṣíà ń ṣe fún ọmọ kò sí lára ohun tí Home Office ń pè ní public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n lè ní kí àlejò má gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìyá náà bá lọ́yà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹni tó bá ti pé 16 lè fúnra ẹ̀ gbà kí káńsù fún òun nílé, bàbá ò lè dí i lọ́nà. Ìpàdé ẹbí dára, àwa náà máa ń pè é, ṣùgbọ́n ibi tí kò séwu ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ìpàdé ń lọ.

Adé_nìkan:
Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, àmọ́ èyí kàn mí. Èmi nìyẹn ní 2014, ọmọ ọdún 17, àti báàgì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà nínú B&B (òtẹ́ẹ̀lì kékeré) pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí mi ò mọ̀ rí, mo ń fi àga ti ilẹ̀kùn kí n tó sùn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé section 17 ni wọ́n fi mí sí, ìgbà tí mo pé 18 tí lẹ́tà dé ni mo tó mọ̀. Àwọn Nightstop ló gbà mí lọ́wọ́ títì, àwọn tó ń fún ọ̀dọ́ ní yàrá nílé tara wọn fún alẹ́ kan tàbí méjì. Ilé ìyá arúgbó kan ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ, ó ti gbé tówẹ́ẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó dé, mi ò lè gbàgbé tówẹ́ẹ̀lì yẹn láyé mi.

Àǹtí, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti aago tí wọ́n sọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ẹ pe Centrepoint náà, ẹgbẹ́ aláàánú fún ọ̀dọ́ tí kò nílé, àwọn ọmọ ọdún 16 sí 25 ni wọ́n ń dá lóhùn, àti New Horizon, ibùdó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ King's Cross, èèyàn lè wẹ̀ níbẹ̀ kó sì jẹun. Ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe òun ló fà á.

BàbáÀgbà_Ọ̀yọ́:
Adé ọmọ mi, mo ka tìẹ lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lẹ́ o. Ìyá Ìbejì, tí bàbá yẹn bá jẹ́ ará Ọ̀yọ́ tàbí agbègbè wa, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo máa bá a sọ̀rọ̀. Kí ọmọ ṣì wà níbi tí wọ́n bá fi í sí ná.

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀yin ará, a lọ láàárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà tún fẹ́ júwe housing fún wa, mo ní section 20 la bá wá, ló bá gbé fóònù. A jókòó fún wákàtí mẹ́rin, sóṣíà wọ́kà méjì wá, wọ́n bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, wọ́n bá èmi náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fún un ní yàrá lálẹ́ òní, wọ́n sì kọ section 20 sínú ìwé, mo fojú ara mi rí i. Bàbá Ọ̀yọ́, mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, bọ́ọ̀sì méjì ni láti ibi yàrá yẹn dé sixth form, ó ju wákàtí kan lọ. Ṣé a lè sọ̀rọ̀ sí i àbí ká dákẹ́ ká má dà bí aláìmoore?

ỌmọÈkó_Hóstẹ̀lì:
Ẹ sọ ọ́ o àǹtí! Òfin ní kí wọ́n sapá kí ibi tí wọ́n bá fi ọmọ sí má dí ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ ní ímeèlì sí sóṣíà wọ́kà yẹn lálẹ́ yìí, kí sixth form náà kọ tiwọn. Ẹ tún bèèrè bóyá ilé yẹn ti wà lábẹ́ Ofsted, àwọn tó ń bẹ ilé ìwé àti ilé ìtọ́jú ọmọdé wò fún ìjọba, torí láti October 2023 ó ti di dandan fún ilé tó ń gba ọmọ ọdún 16 àti 17. Tí wọn ò bá fèsì títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ padà wá sọ fún mi níbí.