Mọ́mì mi fẹ́ràn ẹyẹ, orúnkún wọn ò sì gba òkè: ibo la lè wò ó ní Lake District?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mọ́mì mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, wọ́n á wà níbí títí di oṣù kẹfà. Látìgbà tí wọ́n ti dé, ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Lánàá wọ́n bi mí pé, “Ṣé ẹyẹlé nìkan ló wà nílùú yín ni?” Ó ká mi lára. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí Lake District, àwọn adágún àárín òkè yẹn, pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé ẹyẹ apẹja tí wọ́n ń pè ní osprey wà ní adágún Bassenthwaite. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ò lè gun òkè mọ́, a ò sì ní mọ́tò. Ìgbà wo ló dáa jù? Ibo la máa jókòó sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àkànní, Preston: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Láti ìparí oṣù kẹta ni osprey ti máa ń dé. Apá Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gáḿbíà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lo ìgbà òtútù. Ọdún 2001 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ní Bassenthwaite, lẹ́yìn ohun tó lé ní 150 ọdún. Dodd Wood ni wọ́n ti ń wò wọ́n, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ gòkè, ẹ má mú Mọ́mì débẹ̀. Ẹ lọ láàárín oṣù karùn-ún. Abo á ti máa sàba, akọ láá máa wá ẹja kiri, ó sì máa ń pẹja ní adágún Derwentwater nígbà míì. Tó bá ti rí ẹja, á dúró lójú kan lófuurufú, á máa lu ìyẹ́, àfi gbàù! Ẹsẹ̀ ló fi ń wọ omi. Tó bá gbé ẹja jáde, á yí orí ẹja náà síwájú kó tó fò lọ. Ọjọ́ tí mo rí i, orí mi wú.

Àdùkẹ́, Carlisle: Oṣù karùn-ún dáa, bọ̀ọ̀dá, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yàn. Tí ewé igi óákù bá ti dí ní àfonífojì Borrowdale, ohùn ẹyẹ lásán lèèyàn ń gbọ́. Àǹtí, ẹ wọ rélùwéè dé Penrith, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Keswick. Láti ibẹ̀ títí dé Friar's Crag, etí omi ni ọ̀nà ń gbà, ó tẹ́jú, bẹ́ǹṣì sì wà. Ọkọ̀ ojú omi kan tún ń yí Derwentwater po ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Mọ́mì á kàn jókòó ni.

Ẹ ní kí wọ́n wo orí òkúta etí omi dáadáa. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí erùpẹ̀, àyà rẹ̀ funfun, ó máa ń mi ìdí ṣáá. Common sandpiper ni wọ́n ń pè é. Nígbà ọyẹ́, irú rẹ̀ wà létí odò nílé wa. Ibí ló ń wá yé ẹyin sí.

Màmá Leeds: Ẹ̀yin ọmọ mi, etí omi yẹn ṣì tutù lóṣù karùn-ún. Ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fúláàsì tíì dání. Eégbọn wà nínú koríko, ó sì ń kó àìsàn Lyme ranni, ẹ yẹ kọ̀rọ̀ orúnkún àwọn ọmọ wò lálẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra awò awọ̀nàjíjìn, 8x42 ni kí ẹ rà, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ. Èyí tó bá lágbára ju 10 lọ, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín sún mọ́ ìtẹ́ osprey, òfin ọdún 1981 ka dídààmú wọn níbi ìtẹ́ léèwọ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹyẹ tó ń mi ìdí yẹn fún Mọ́mì. Wọ́n dìde nídìí fèrèsé, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n mi ìdí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní, “Ṣé báyìí?” Wọ́n ní àwọn máa ń rí i létí odò táwọn ti ń fọṣọ nígbà ọmọdé. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Sátidé àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún la ń lọ.